Bọ́hóòlù mẹ́jọ nínú kùlọ́ọ̀sì kan: ta ló láṣẹ lórí omi abẹ́ ilẹ̀ Ìlọrin?

OmoTanke | Ọjọ́ Àìkú, 7:40 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí kí ìpàdé àwọn lándílọ́ọ̀dù wa tó dé ní Sátidé.

Ojúlé mẹ́rìnlá ló wà nínú kùlọ́ọ̀sì wa ní Táńkẹ̀, mẹ́jọ nínú wọn ti gbẹ́ bọ́hóòlù. Nígbà tí a kọ́kọ́ kó débí, kànga tí a fọwọ́ gbẹ́ tó wa lò, omi inú rẹ̀ kì í tán títí òjò àkọ́rọ̀ á fi dé. Ní báyìí, kí oṣù kejì tó parí, ẹrẹ̀ ni korobá ń gbé bọ̀. Bọ́hóòlù wa náà ti yí padà. Tí a bá tan pọ́ńpù, á fa omi fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn náà atẹ́gùn lásán ni. A ó pa á, a ó dúró, a ó tún tan án. Lándílọ́ọ̀dù tuntun kan wá kó ẹ̀rọ dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fẹ́ gbẹ́ ìkẹsàn-án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa. A bá a sọ ọ́, ó ní ilẹ̀ òun ni, owó òun ni.

Bọ́hóòlù kan tún wà lẹ́nu ọ̀nà kùlọ́ọ̀sì, olóṣèlú kan ló gbẹ́ ẹ fún àdúgbò nígbà tí ìbò ń bọ̀. Orúkọ rẹ̀ ṣì hàn ketekete lára táǹkì, omi ni kò sí níbẹ̀. Pọ́ńpù jó, wọ́n jí pánẹ́ẹ̀lì sólà, kò sí ẹni tó tún yà síbẹ̀.

Àwọn kan nínú wa ní kí a kówó jọ tún un ṣe. Àwọn kan ní kí oníkálukú máa gbẹ́ tirẹ̀ lọ. Àgbàlagbà kan ní kí a ṣe sùúrù, omi ẹ̀rọ ìjọba ń bọ̀, páìpù sì wà nínú ilẹ̀ níwájú ilé wa lóòótọ́. Kí ni ẹ̀yin rí sí i? Ṣé ẹnikẹ́ni tiẹ̀ wà tó lè sọ fún onílé pé kò gbọdọ̀ gbẹ́?

GeriBoy | 7:58

Omi ẹ̀rọ kẹ̀? Páìpù iwájú ilé tiwa, aláǹgbá ló ń san rẹ́ǹtì níbẹ̀ 😂😂

Alhaja_Okelele | 8:31

Sàlámù àlékùm. Ẹ̀yin ará Táńkẹ̀ tiẹ̀ rí bọ́hóòlù mẹ́jọ jà sí. Ní agbo ilé tiwa ní Òkèlele, kànga kan ni gbogbo wa ń fà. Àwọn bàbá wa ló gbẹ́ ẹ, ilé sì ti kún yí i ká débi pé ṣáláńgá ilé kejì kò jìnnà sí i rárá. A kì í mu ún. Àlùwàlá, aṣọ fífọ̀, abọ́ fífọ̀, ó parí síbẹ̀. Omi mímu àti omi ọbẹ̀, ọwọ́ mẹ́ruwà, àwọn tó ń gbé omi tà kiri, la ti ń rà á. Tí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì, ẹni tó ń ta omi fún mẹ́ruwà á fowó lé e, á ní epo lòun fi ń tan jẹnẹrétọ̀. Mẹ́ruwà náà á fowó lé e. Èmi tí mo ń din àkàrà, orí ta ni kí n gbé tèmi lé?

Ẹ bá mi ṣírò ó. Lítà kan omi wọ́n lọ́wọ́ èmi tí n kò ní nǹkan ju ọwọ́ ẹni tó tan pọ́ńpù nínú ilé ara rẹ̀ lọ. Táwọn ọkùnrin bá ń sọ̀rọ̀ omi, ìnáwó pọ́ńpù ni wọ́n máa ń sọ. Ẹ bi àwọn ọmọbìnrin tó ń to kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí kí wọ́n tó lọ sílé ẹ̀kọ́.

IleApata | 9:12

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wá omi lábẹ́ ilẹ̀, mo ti ṣe é ní Ìlọrin yìí dé Ìdófìàn dé Àjàṣẹ́-Ìpo. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí abẹ́ ilẹ̀ wa ṣe rí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé odò kan ń ṣàn kiri nísàlẹ̀, tí ẹni bá ti gbẹ́ jìn tó á kàn án. Kò sí irú odò bẹ́ẹ̀.

Orí àpáta líle ni Ìlọrin wà, àpáta àtayébáyé tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní Basement Complex. Àpáta yẹn fúnra rẹ̀ kò gba omi sára. Ibi méjì péré ni omi ń gbé: àkọ́kọ́ ni ìpele òkè tí òjò àti oòrùn ti jẹ títí tó fi rọ̀, tó di erùpẹ̀ àti yangí, ìkejì ni ojú ibi tí àpáta ti là. Kànga ọwọ́ ń mu láti inú ìpele òkè, bọ́hóòlù ń wá ojú ibi tó là. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè gbẹ́ ilé kan kí omi tú jáde, kí wọ́n gbẹ́ ilé kejì jìn jù ú lọ kí eruku máa jáde. Ẹni tó bá ń fi jíjìn polówó fún yín, tó ní mítà ọgọ́rin lòun máa gbẹ́, ẹ bi í bóyá ó ti ṣe sọ́fèé láti mọ ibi tí àpáta ti là. Ó lè jẹ́ àpáta gbígbẹ ni ìdajì tó kẹ́yìn, ẹ̀yin lẹ sì máa sanwó rẹ̀.

Wàyí o, ojú lílà kan náà lè gba abẹ́ ilé mẹ́ta mẹ́rin kọjá. Bọ́hóòlù mẹ́jọ tó sún mọ́ra ń ṣe bí ọmọ mẹ́jọ tó ki sítírọ́ọ̀ bọnú ìgò mínírà kan. Tí gbogbo yín bá tan pọ́ńpù láàárọ̀, ojú omi á lọ sílẹ̀ fún gbogbo yín pọ̀. Òjò nìkan ló ń dá a padà, òjò yẹn sì ní láti ráyè wọlẹ̀ kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Táńkẹ̀, Fátè, Básìn: gbogbo àgbàlá ti di kọnkéré àti íńtálọ́ọ̀kù. Omi òjò ń sáré wọ gọ́tà, gọ́tà ń sáré wọ odò. Ẹ̀yin gbẹ́ púpọ̀, ẹ tún di ẹnu ọ̀nà mọ́ èyí tó fẹ́ rọ́pò rẹ̀.

Ìkejì: sókàwéè yín ńkọ́? Ó yẹ kí mítà ọgbọ̀n, ó kéré tán, wà láàárín ṣáláńgá tàbí sókàwéè àti ibi tí ẹ ti ń fa omi. Lórí púlọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ àádọ́ta ẹsẹ̀ sí ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé ṣe, torí ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ náà ni ọgbọ̀n mítà. Tí ẹ bá sì jìnnà sí tiyín, ẹ ti lẹ̀ mọ́ ti aládùúgbò. Ọ̀rọ̀ Alhaja nípa ṣáláńgá yẹn, ọ̀rọ̀ Táńkẹ̀ náà ni, táìsì ló fi yàtọ̀.

OmoTanke | 9:30

@IleApata ẹ ṣeun gan-an, ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ sókàwéè yẹn ti bà mí lọ́kàn jẹ́. Ẹ dákun, ẹni tó bá mọ òfin níbí?

Amofin_Ganmo | 10:47

Òfin omi orílẹ̀-èdè yìí tó wáyé ní ọdún 1993, Water Resources Act, gbé àṣẹ lórí omi ojú ilẹ̀ àti omi abẹ́ ilẹ̀ tó bá kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òfin kan náà fún ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀, yálà lábẹ́ ìwé ìjọba tàbí lábẹ́ àṣà, láyè láti fa omi abẹ́ ilẹ̀ náà fún ìlò ilé àti fún ẹran ọ̀sìn láìsan kọ́bọ̀. Nítorí náà lándílọ́ọ̀dù yín tuntun kò parọ́. Fún ìlò ilé, òfin wà lẹ́yìn rẹ̀.

Tí ó bá fẹ́ máa tà á fún táńkà, tàbí kó dá ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà sílẹ̀, ìyẹn ti kúrò ní ìlò ilé. Àmọ́ ẹ má fi ọ̀rọ̀ kóòtù sọ́kàn rárá. Àdéhùn tí gbogbo yín bá jọ fọwọ́ sí ní ìpàdé lágbára ju ẹjọ́ tí ẹ óò máa gbé kiri fún ọdún mẹ́fà lọ.

GeriBoy | 10:52

Lọ́yà tó ní kí a má lọ sí kóòtù. Ayé ti yí 😂

Baba_Asa | 1:15 ọ̀sán

Mo kí gbogbo yín. Mo ti fẹ̀yìn tì. Ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ omi ni mo ti lo ọjọ́ ayé mi, n kò ní dárúkọ ibẹ̀. Mo ń ka ohun tí ẹ ń kọ láti àárọ̀, ọ̀rọ̀ aláǹgbá yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ omi. Ìlọrin ní ìsédò Asà, ó ní Agbà, ó ní Sóbì. Omi inú ìsédò kì í ṣe mímu. A ó fà á wá, a ó jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, a ó po álọ́ọ̀mù mọ́ ọn kí ìdọ̀tí lè dì mọ́ra kó sì rì, a ó jẹ́ kó gba inú iyanrìn kọjá, a ó fi kilorín sí i, lẹ́yìn náà a ó tì í gun òkè lọ sínú táǹkì ńlá kó lè fi agbára ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wọ ilé yín. Mítà onígun kan omi, tọ́ọ̀nù kan ni ó wúwo. Gbogbo ìtìgòkè yẹn, iná ló ń ṣe é. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbé owó iná Band A, ìyẹn ìlà àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́, láti nǹkan bíi náírà 68 sí náírà 225 lórí wákàtí kílówáàtì kan. Ilé iṣẹ́ omi èyíkéyìí tó bá wà lórí ìlà yẹn, ibo ni yóò ti rówó san án bí aráàlú kò bá sanwó omi?

Ẹ ó ní, kí ló dé tí aráàlú kò fi sanwó? Nítorí omi kò yọ. Kí ló dé tí omi kò fi yọ? Nítorí kò sówó. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń yí po láti ìgbà tí mo ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́.

Ohun kan wà tí n kò rí kí ẹnikẹ́ni sọ. Tí omi inú páìpù bá ń wá, tó tún ń lọ, ewu wà nínú rẹ̀. Nígbà tí omi bá ń tì gidi, ojú ibi tí páìpù ti bẹ́ ń da omi síta. Nígbà tí a bá ti í pa, inú páìpù á ṣófo, omi gọ́tà tó yí i ká á wá gba ojú kan náà wọlé. Ọjọ́ tí a bá tún ṣí i, èyí tó kọ́kọ́ jáde sínú korobá yín, ẹ má mu ún. Àwọn tó ń so pọ́ńpù mọ́ páìpù ìjọba tààrà kí tiwọn lè tètè kún, wọ́n ń fa ìdọ̀tí yẹn fún gbogbo àdúgbò. Mo ti bá wọn jà títí n ò fi lóhùn mọ́.

GeriBoy | 1:40

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Èmi rò pé kí wọ́n kàn tà á fún aládàáni. Fóònù, ṣebí bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn? Lónìí mẹ́kúnnù ń gbé fóònù méjì.

Alhaja_Okelele | 1:44

Fóònù tí kò bá lówó nínú, mo lè pa á tì di ọ̀la. Omi ńkọ́, ọmọ mi?

Oluka_Basin | 3:05

@GeriBoy, Phnom Penh, olú ìlú Cambodia, ni kí o wò. Ogun ti bà á jẹ́. Ní 1993, nínú gbogbo omi tí wọ́n sẹ́, nǹkan bíi 72 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń ṣòfò: òmíràn ń jò sínú ilẹ̀, òmíràn ń lọ sílé àwọn tí kò san kọ́bọ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ek Sonn Chan di ọ̀gá ilé iṣẹ́ omi náà lọ́dún yẹn. Kò gbé e fún aládàáni, ìjọba ló ṣì ní èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé ó ka ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi mítà sí i, ó lé òṣìṣẹ́ tó ń gba rìbá, ó san owó dáadáa fún èyí tó ṣiṣẹ́, ó sì dá ikọ̀ tó ń wá ojú ibi tí páìpù ti ń jò sílẹ̀ ní ọ̀sán àti ní òru. Wọ́n wá fún ilé iṣẹ́ náà láyè láti di owó tirẹ̀ mú, kí àpò ìjọba má gbé e mì. Nígbà tó yá, ìṣòfò yẹn wá sílẹ̀ sí bíi 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Omi ń yọ tọ̀sán-tòru. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Ramon Magsaysay ní 2006.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀: ó fi mítà sílé àwọn ọlọ́lá náà, àwọn iléeṣẹ́ ìjọba náà sanwó. Ó sọ pé ọ̀gágun kan na ìbọn sí òun nígbà tí òun lọ fi mítà síbẹ̀. Ó padà lọ, ó kó ọlọ́pàá dání, ó gé omi rẹ̀. Ọ̀gágun náà sanwó.

Baba_Asa | 3:22

Hmm. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Kì í ṣe mẹ́kúnnù Òkèlele ló kọ́kọ́ ń jẹ owó omi mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dákẹ́, mo ṣì ń gba fẹ̀yìntì.

Alabojuto | 3:30

Ẹ kú ìjíròrò. Mo ti yọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta kúrò. Ẹ má dárúkọ gómìnà, ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí aládùúgbò yín. Omi ni a ń sọ.

AlfaPakata | 5:50 ìrọ̀lẹ́

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Mo ń dá sí i láti ẹ̀gbẹ́ kan tí kò tíì sí ẹni tó yà sí. Ní ìlú wa yìí, ẹni tí Ọlọ́hun bá bù sí fún, nǹkan tó máa ń kọ́kọ́ sáré ṣe fún òbí rẹ̀ tó ti kú ni bọ́hóòlù, kó lè jẹ́ sàdákà jááríyà, kí ẹ̀san rẹ̀ máa ṣàn dé sàréè. Máṣà Allàhu. Ẹ lọ yíká Pákátà, Adétà, Òkè-Àpómù, ẹ ó rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláásí, orúkọ olóògbé wà lára táǹkì.

Ẹ wá béèrè mélòó ló ń yọ omi. A ń ṣe ìfilọ́lẹ̀, a ń ṣe àdúrà, a ń jẹun, a ń lọ. Ọdún kejì, wáṣà pọ́ńpù jẹ, nǹkan tí owó rẹ̀ kò tó owó ìrẹsì ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ àtúnṣe lé lọ́wọ́. Ọmọ olóògbé wà ní Èkó. Ìmáàmù kò fẹ́ máa tọrọ owó lẹ́yìn gbogbo ìrun. Mo bi olówó kan rí pé kí ó má gbẹ́ tuntun, kó tún mẹ́rin tó ti kú ṣe. Ó ní, "Alfa, orúkọ ta ló máa wà lára rẹ̀?" Mo dákẹ́.

Ohun tí mo ń sọ fún àwọn tó bá wá bá mi nísinsìnyí ni pé kí wọ́n ṣe é ní wákàfù, ìyẹn ohun ìní tí a yà sọ́tọ̀ nítorí Ọlọ́hun, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà. Kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tàbí méjì pọ̀ mọ́ bọ́hóòlù yẹn. Owó ṣọ́ọ̀bù náà kò gbọdọ̀ wọ àpò ẹnikẹ́ni, pọ́ńpù, wáyà, àti ẹni tó ń fọ táǹkì ni kí ó bọ́. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí wà. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun nínú ẹ̀sìn. Àwọn aṣíwájú ti fi ọgbà àti ilé bọ́ kànga láti ayébáyé.

Alhaja_Okelele | 6:20

Alfa, Ọlọ́hun yóò san yín lẹ́san. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa gba owó ṣọ́ọ̀bù náà? Kí ẹ fi obìnrin méjì sí i. Àwa la mọ ọjọ́ tí omi dá.

OmoIgbomina | 7:45 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìlọrin. Kí n gba Gúúsù Kwara wọlé díẹ̀. Ní agbègbè wa, Ọ̀mù-Àrán dé Òró dé Ìlá-Ọ̀ràngún lẹ́yìn ààlà, ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ló máa ń mú ọ̀rọ̀ omi ṣe. Àwọn tó wà ní Èkó àti Àbújá á dá owó, ìlú á yan ìgbìmọ̀. Ní ìletò ìyá mi, wọ́n máa ń ṣí ẹ̀rọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ nìkan, owó táṣẹ́rẹ́ ni fún kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì máa ń ka ìṣirò rẹ̀ síta lọ́jọ́ ìpàdé. Ìyá àgbàlagbà kan ló ń mú kọ́kọ́rọ́, kò sí ẹni tó lè ṣe mọ̀kàrúrù pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí pọ́ńpù jó, owó wà nílẹ̀.

Kò dára tó bí mo ṣe ń sọ ọ́ o. Ní ìlú kejì sí wa, ìgbìmọ̀ pín sí méjì lórí oyè, omi dúró. Àti pé ètò yẹn rọrùn ní ìletò tí gbogbo ènìyàn mọ ara wọn. Ní Táńkẹ̀, ayálégbé tó máa lo ọdún méjì kó lọ, báwo ni yóò ṣe dá sí ìgbìmọ̀?

Ohun kan máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ṣá. Ìfẹ́lódùn la ní Òwu Fọ́ọ̀lù sí, ní Ọ̀wà-Kájọlà, omi tó ń já láti orí àpáta gíga bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn ń wá ya fọ́tò. Wọ́n á ti Ìlọrin gbé píọ̀ wọ́tà wá mu níbẹ̀.

IyaIbejiFate | Ọjọ́ Ajé, 6:35 àárọ̀

Mo kà á títí dé ìsàlẹ̀, ẹnìkan kò mẹ́nu ba òjò. Ọkọ mi ṣírò rẹ̀ fún mi. Ìlọrin ń rí òjò tó tó nǹkan bíi 1,200 mìlímítà lọ́dún. Òrùlé tó jẹ́ mítà mẹ́wàá sí méjìlá jẹ́ 120 mítà onígun mẹ́rin. Ẹ fi òjò yẹn sọ ọ́ di púpọ̀, 144,000 lítà. Ẹ yọ èyí tó ń fọ́n sílẹ̀ kúrò, ó ṣì ku bíi 115,000. Ènìyàn mẹ́fà tó ń lo 50 lítà lójúmọ́, èyí tí àjọ ìlera àgbáyé ní ó tó fún ohun tó pọn dandan, yóò lo 109,500 lọ́dún. Òrùlé yín lè bọ́ yín!

GeriBoy | 6:50

Àǹtí mi, ibo lẹ fẹ́ kó o sí? Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta kò sí òjò. 150 ọjọ́, 300 lítà lójúmọ́, 45,000. Táǹkì oní-5,000 mẹ́sàn-án. Ẹ fẹ́ sọ ilé di dẹ́pò epo ni?

IleApata | 7:20

GeriBoy mọ ìṣirò o. Òótọ́ ló sọ, àmọ́ kì í ṣe pé kí òjò bọ́ yín lódindi ọdún ni èrè rẹ̀ wà. Tí ẹ bá ń lo òjò láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, bọ́hóòlù á sinmi fún oṣù méje, ojú omi á gòkè, ẹ ó sì bá a níbẹ̀ nígbà ọyẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ gbẹ́ kòtò, ẹ kó òkúta sí i, ẹ darí omi òrùlé síbẹ̀ kó wọlẹ̀. Kí ó ṣáà jìnnà sí sókàwéè. Omi òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ jẹ́ kó ṣàn lọ, eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ ló kún un.

AraAmilegbe | 9:05

Ẹ̀yin ń wá omi, àwa ń sá fún un. Gbogbo omi tí kọnkéré yín lé jáde ní Táńkẹ̀ àti Fátè, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Tí odò Asà bá kún ní oṣù kẹsàn-án, a kì í sùn. Ẹ wá rí ohun tó máa ń gbé wá: náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà, pámpáàsì, matírẹ́ẹ̀sì. Ọ̀sán gangan lènìyàn ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù kó ìdọ̀tí dà á sódò. Wọ́n tún ń kọ́lé sí etí odò, wọ́n á kó yẹ̀pẹ̀ dí i, odò á ya sílé ẹlòmíràn. Ẹ̀fọ́ tí gbogbo Ìlọrin ń jẹ lọ́gbẹlẹ̀, etí odò yìí kan náà ni wọ́n ti ń bomi rin ín.

Ní 2017, oṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà, kọ́lẹ́rà jà nílùú yìí. Àwọn tí wọ́n fura sí pé ó mú ju 1,500 lọ, ènìyàn 11 kú. Mo rántí bí a ṣe ń se gbogbo omi kí a tó mu ún. Lẹ́yìn náà a gbàgbé. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí kùlọ́ọ̀sì tiyín ṣe máa rí omi. Odò kò mọ kùlọ́ọ̀sì. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ló pín ìlú yìí, ìwọ̀ oòrùn, ìlà oòrùn, gúúsù. Tí a bá lọ fi ẹjọ́ sun ní ọ̀kan, wọ́n á ní òdìkejì odò ni ìdọ̀tí ti wá.

Oluka_Basin | 9:40

Ó yẹ kí odò ní olùtọ́jú kan ṣoṣo láti orísun dé ibi tí omi rẹ̀ ti ń wọ Ọya. Ilé àjọ tó ń mójú tó àgbègbè odò, Lower Niger River Basin, ìlú yìí náà ló wà, òun la fi ń pe àdúgbò mi ní Básìn! Ṣùgbọ́n ti ìjọba àpapọ̀ nìyẹn, omi ẹ̀rọ jẹ́ ti ìpínlẹ̀, gọ́tà àti ìdọ̀tí jẹ́ ti ìbílẹ̀. Ọ̀gá mẹ́ta lórí omi kan.

Baba_Asa | 10:10

Ẹ fi kún un: àwọn tó ń fọwọ́ sí pílánù ilé. Ilé ló ń ṣáájú páìpù dé Eyenkọ́rin, Gánmọ̀, Amóyọ̀. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí lé-àòtù, ó yẹ kí wọ́n béèrè ibo ni omi yóò ti wá, ibo ni yóò sì gbà jáde. Lákòókò tèmi, a kì í gbọ́ pé wọ́n la òpópónà tuntun títí katakata á fi gé páìpù wa.

OmoTanke | Ọjọ́ Sátidé, 9:20 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. A ti ìpàdé dé. Wákàtí mẹ́rin! Mo ka ọ̀rọ̀ IleApata síta, kẹ́kẹ́ pa. Lẹ́yìn náà wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí sókàwéè ta ló sún mọ́ kànga ta.

Bí ó ṣe parí rèé. Ilé mọ́kànlá nínú mẹ́rìnlá gbà láti dáwó tún ti ẹnu ọ̀nà ṣe. Mẹ́ta ní àwọn kò lọ́wọ́ sí i, a kò lè fipá mú wọn. Àwọn ayálégbé náà á ní ẹni méjì nínú ìgbìmọ̀, ìyẹn dá àríyànjiyàn sílẹ̀ gan-an, lándílọ́ọ̀dù kan ní òun kò ní jókòó ti ayálégbé òun láti ṣírò owó. Ìyàwó rẹ̀ ló dá a lóhùn 😄. Obìnrin tó ń ta èlò ọbẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni yóò máa mú kọ́kọ́rọ́, a ó máa fún un ní owó oṣù. Ọ̀rọ̀ orúkọ olóṣèlú tó wà lára táǹkì, àwọn kan ní kí a fi ọ̀dà pa á rẹ́, àwọn kan ní kí a fi í sílẹ̀ nítorí ìbò mìíràn ń bọ̀, bóyá yóò fi pánẹ́ẹ̀lì tuntun ránṣẹ́. A kò tíì parí ìyẹn.

Ní ti lándílọ́ọ̀dù tuntun, ó wá. Kò gbà pé kí òun má gbẹ́. Ṣùgbọ́n ó gbà pé tí òun bá gbẹ́ ẹ tán, kí a jọ dán an wò lójú gbogbo wa kí òun tó ri pọ́ńpù mọ́lẹ̀. Tó bá fa omi wa lọ sílẹ̀, kí òun máa tan án lóru nìkan. A kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ la máa dán an wò. @IleApata, báwo la ṣe máa ń dán an wò?

IleApata | 9:48

Ẹ ku oríire. Kí gbogbo ilé mẹ́jọ pa pọ́ńpù láti alẹ́ Ọjọ́rú, kí omi fara balẹ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ẹ so nǹkan wúwo mọ́ okùn, ẹ sọ ọ́ sínú kànga ọwọ́ yín àti bọ́hóòlù méjì tó sún mọ́ tirẹ̀ jù, ẹ wọn ibi tí omi wà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ó tan tirẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà, ó kéré tán, kò gbọdọ̀ pa á. Ẹ máa wọn tiyín ní ọgbọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí ó bá pa á, ẹ má tíì lọ. Ẹ tún máa wọ̀n títí ojú omi á fi padà sí ibi tó wà láàárọ̀, kí ẹ kọ iye wákàtí tó gbà. Okùn tuntun ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi kilorín nù ún kí ó tó wọ inú omi ẹnikẹ́ni.

Alhaja_Okelele | 9:55

Kí obìnrin elélò ọbẹ̀ yẹn ní ìwé kékeré tí yóò máa kọ owó sí. Kí ẹ sì tètè san owó oṣù rẹ̀.